Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin

Àwọn baba wa a máa wí pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ṣùgbọ́n òfin ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ayé tí kò sí ìwé ìròyìn, tí kò sì sí ilé ìgbìmọ̀ tí tálákà lè dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀, orin ni a fi ń sọ fún aláṣẹ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu àti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa nísinsìnyí, a máa ṣe é ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn a máa ṣe é ní ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, èrò wa ni pé irú orin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboro lásán. Ìtàn ni, ó sì yẹ kí àwa tí a ń múra láti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí a sì fi kọ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Títí di 1914 ni àwọn Ẹ̀gbá ní ìjọba tiwọn. Ní ọdún náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní 1918 owó orí bẹ̀rẹ̀, ogun Àdùbí sì bẹ́ sílẹ̀. Owó orí yìí kò dá obìnrin sí. Ọkùnrin ń san ṣílè 5 lọ́dún, obìnrin ń san ṣílè 2 àbọ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tí ó bá sì ti pé ọdún 15 ti di ẹni tí ń san án. Àwọn agbowó orí a máa lé obìnrin wọ inú ilé. Àwọn obìnrin sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti mọ̀ bí wọ́n ti dàgbà tó. Nígbà ogun Hitler, láti 1939 dé 1945, ìyà tún gorí ìyà, nítorí àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Owó ń ti ọwọ́ obìnrin jáde, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń sọ bí a ó ti ná an.

Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ni ó kó àwọn ìyá jọ. Ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé dá sílẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn aláró àti àwọn ọlọ́jà, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, títí ó fi di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, a kò dá wọn lóhùn. Wọ́n tọrọ àyè láti wọ́de, a kò yọ̀ǹda fún wọn. Wọ́n bá ní kì í ṣe ìwọ́de ni àwọn ń lọ, àríyá ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá 1947, wọ́n tú jáde lọ sí Ààfin Aké, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá wọ́n tún padà wá, iye wọn lé ní 10,000, wọn kò sì kúrò títí di ọjọ́ 10. Ní gbogbo àkókò náà, orin ni wọ́n ń kọ. Wọ́n kọrin pé àwọn kò san owó orí mọ́. Wọ́n kọrin bú Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tí ó ti wà lórí oyè láti 1920, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi agbára ìlú lé lọ́wọ́ ju bí àwọn baba Ẹ̀gbá ti fi lé ọba lọ́wọ́ rí.

Kí ni ó mú kí orin ní agbára tó bẹ́ẹ̀? Ìdí mẹ́ta ni a rí. Ìkínní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè gbe orin. Wọn a mú ohùn orin tí ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn a yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ẹni kan a dá a, ẹgbẹ̀rún ènìyàn a gbè é. Ìkejì, ìwé ní ẹni tí ó fọwọ́ sí i, orin kò ní. Bí ọjà odidi bá ń kọ orin kan náà, ta ni ọlọ́pàá yóò mú? Ìkẹta, èdè wa fúnra rẹ̀ ní orin nínú. Àwa tí a ti kọ orin ìsìn tí a fi ohùn òkèèrè gbé mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà lẹ́nu ènìyàn, tí ọkọ̀ ń di ọkọ́, nítorí pé ohùn orin ń gòkè nígbà tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Nínú orin tí àwọn ènìyàn fi ẹnu ara wọn ṣe, ohùn àti ọ̀rọ̀ jọ ń rìn ni. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ ohun tí ó wí.

A kò sọ pé orin nìkan ni ó ṣẹ́gun. Àwọn ìyá náà wá agbẹjọ́rò, wọ́n yẹ ìṣirò owó ìlú wò, wọ́n sì fara da àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n orin ni ó so wọ́n pọ̀. Ní 1948 a gbé owó orí kúrò lórí àwọn obìnrin. Ní oṣù keje ọdún náà Aláké fi ìlú sílẹ̀, kò sì padà sórí oyè títí di òpin 1950.

Ẹ wo ti Hubert Ògúndé pẹ̀lú, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ àti olùtẹ dùùrù bí tiwa kí ó tó ṣe ọlọ́pàá. Ní 1945 àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ọjà ti wọ́n gógó nígbà ogun, owó iṣẹ́ kò sì lọ sókè tó. Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré olórin tí ó pè ní Strike and Hunger. Ní 1946 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá eré náà dúró ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Òmìnira dé ní 1960. Ní 1964 ó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí í ṣe ìjọba àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn, sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ìgbà tí ìjọba náà wó ní 1966 ni a tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ẹni tí ó bá orin wọlé lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kọrin ní ọjọ́ kejì.

Èyí tí ó burú jù ni ti 1977. Fẹlá, ọmọ Ìyáàfin Ransome-Kuti, ti kọ orin Zombie ní 1976, ó fi àwọn ológun ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977 àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé. Ìfarapa yìí ni kò jẹ́ kí ó gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í ṣe ọba, tí ìlú kò fi jẹ, kò mọ òfin náà.

Àwọn kan yóò wí pé èébú ni ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí, pé kò yẹ ilé ẹ̀kọ́, pé yóò sọ ọmọ di aláìgbọràn sí àgbà. A kò fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìyá Ẹ̀gbá sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè kọ sára pátákó. A sì mọ̀ pé orin àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú mú kí aládùúgbò bá aládùúgbò jà ní ìgbà tí ó kọjá. Nítorí náà ni olùkọ́ ṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí ó kọ́ ọmọ láti bèèrè pé: ta ni ó ń san owó fún ọ̀kọrin? Ẹ̀sùn tí ó kà, òtítọ́ ni bí? Kí ni ó ń fẹ́ kí a tún ṣe? Orin tí ebi ń kọ yàtọ̀ sí orin tí owó ń kọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ní ìyàtọ̀ yìí ni ẹnikẹ́ni lè fi orin darí bí àgùntàn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni èyí. Nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa jókòó ti àgbà kan ní ilé rẹ̀, kí ó kọ orin kan sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó fi dò-rè-mí kọ ohùn orin rẹ̀, kí ó kọ ọdún àti ọ̀ràn tí ó bí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá padà, kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan fún ilé ìkàwé wa. Kí a má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Ọmọbìnrin tí ó pé ogún ọdún nígbà tí àwọn ìyá ń sùn ní iwájú Ààfin Aké ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí, bí ó bá ṣì wà láàyè.

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kò bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, àrọ́bá pẹ̀lú yóò lọ, kì yóò sì sí ohun tí a ó fi lé ọmọ lọ́wọ́.