Kọ̀ǹpútà Tí Ẹgbẹ́ Wa Fẹ́ Rà



Gbogbo wa la mọ̀ pé à ń dáwó jọ láti ra kọ̀ǹpútà tí a ó fi máa tún fọ́tò inú ìwé ìròyìn yìí ṣe. Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wa ń pariwo pé ti géèmù la fẹ́, èyí tí iná pupa ń tàn lára kíìbọ́ọ̀dù rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn o.

Ṣé ẹ rántí fọ́tò ọjọ́ àṣà? Lójú kọ̀ǹpútà tí a yá, gbogbo wa ń dán. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, àwa tó dúdú ò lójú mọ́, eyín nìkan ló kù. Sányán màmá mi tí mo wọ̀ wá dà bí àpò sìmẹ́ńtì. Èmi ni mo tún fọ́tò yẹn ṣe, mo sì gba ẹ̀bi tèmi: mo tan iná ojú kọ̀ǹpútà náà dé òpin, n ò mọ̀ pé fọ́tò fúnra rẹ̀ ló dúdú. Àmọ́ kọ̀ǹpútà yẹn náà ń purọ́. Tí o bá tẹ ojú rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, àwọ̀ á yí padà. Ojú tí wọ́n ń pè ní IPS kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló yẹ ká kọ́kọ́ náwó lé.

Lẹ́yìn náà, RAM. RAM dà bíi tábìlì tí a fi ń kàwé ní prep, SSD ni lọ́kà. Fọ́tò mẹ́gápíksẹ̀lì 12 lè má ju MB 4 lọ nínú fóònù, ṣùgbọ́n tí a bá ṣí i, ó ń gba bíi MB 36. Ẹ wá to mẹ́rin, márùn-ún léra! Tí tábìlì bá kún, ẹ óò máa sáré lọ sí lọ́kà ní gbogbo ìgbà. GB 8 á gbé wa dé ibì kan, 16 ló dáa jù. Káàdì ńlá tó ń mú kí ti géèmù wọ́n, GIMP tí à ń lò ò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Wọ́n ní ti orí tábìlì dínwó, ojú rẹ̀ sì tóbi. Òótọ́ ni. Iná tó máa ń lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ra láptọ́ọ̀pù, tòkunbọ̀ náà ò burú.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò sányán yẹn sínú flash, kí ẹ ṣí i níbẹ̀, kí ẹ tẹ ojú kọ̀ǹpútà náà síwá sẹ́yìn. Mo ṣe tán láti bá yín lọ, tí wọ́n bá fún mi ní exeat.