Ìgbìyànjú Kẹta Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àṣà, oyè, oríkì àti ewì ni a sábà máa ń kà nínú ìwé wa ọdọọdún yìí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá ní tèmi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé eré lásán ni, nítorí pé ìdí eré ni a ti ń mọ ìwà ènìyàn. Àwọn àgbà tí ń ta ayò lábẹ́ igi kò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èrò tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìgbà ìkẹyìn, ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ ní ìgbà ìkẹyìn ni a máa ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni, láti ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì ni gbogbo wa ti jọ fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan kó ara wa jọ ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, a wọ ìdíje bọ́ọ̀lù kan. Mo wà lára àwọn tí ó gbá a. A dé àṣekágbá, a ta ọ̀mì, ọ̀rọ̀ sì di pẹnáritì, èyí tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pè ní gólí-wò-mí-n-gbá-a-sí-ẹ. Ọmọ Abígí kan, láti ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ni ó gbá tiwa kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù náà fò lọ sókè bí ẹyẹ lékèélékèé. Kí ọmọ náà tó dé yàrá rẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní ọmọ odò kò mọ̀ ju ọkọ̀ wíwà lọ. Ẹlòmíràn ní kí ó padà lọ dẹ àwọ̀n rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí rẹ́rìn-ín, mo sì fi tèmi kún un. Láti ọjọ́ náà, kò wá sí pápá mọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí sọ ni pé ọmọ yìí kan náà ni ó gbá góòlù tí ó gbé wa dé àṣekágbá. A kò sọ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ kí a tó yan ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù. A kò sọ pé a kò gbá pẹnáritì wò rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi fúnra mi, ní ìdajì àkọ́kọ́, ó ku èmi àti aṣọ́lé nìkan, mo sì gbá bọ́ọ̀lù náà lù ú láyà. Ta ni ó fi èmi ṣe yẹ̀yẹ́? Kò sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni tèmi wà, àwọn ènìyàn sì ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹni tí ó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá sí ilé wa ní Òkè-Sópẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó, ní oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ọ̀hún ni wọ́n gbé bí i, bọ́ọ̀lù àwọn ará ọ̀hún ni ó sì gbá nílé ìwé, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá ju èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá lọ.

Mo bi í pé, “Bùrọ̀dá, èyí tí ẹ̀ ń gbá yìí, ṣé bọ́ọ̀lù ni àbí ìjàkadì?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò, jókòó kí n ṣàlàyé fún ọ.”

Ènìyàn 11 ni ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú 4 láti fi gbé e lọ síwájú ní yáàdì 10, yáàdì yìí kan náà tí àwọn ìyá wa fi ń wọn aṣọ lọ́jà. Bí wọ́n bá pé yáàdì 10, wọ́n tún gba ìgbìyànjú 4 mìíràn. Bí wọn kò bá pé e, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Nítorí ewu èyí, nígbà tí ó bá ku ìgbìyànjú kẹrin, wọ́n sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà rere kí ọ̀tá má baà gbà á nítòsí ilé wọn. Ìgbìyànjú kẹta ni ó wá di ojú ogun gan-an.

Ó ní ní ọdún kan, ìgbìyànjú kẹta yìí ni ó pa ẹgbẹ́ àwọn. Wọ́n lágbára, wọ́n lè sáré, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ẹ̀ẹ̀kẹta, wọn kò ní lè ṣe é. Àwọn òǹwòran ń pariwo lé ọmọ tí ń ju bọ́ọ̀lù lórí pé ojo ni. Ní ọjọ́ kan akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn kó gbogbo wọn jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìbéèrè kan ni ó bi wọ́n: “Nígbà tí ó kan ìgbìyànjú kẹta, yáàdì mélòó ni ó kù?” Wọ́n kà á. Ó ku 8, ó ku 9, ní ìgbà mìíràn ó ju 10 lọ, nítorí pé wọ́n ti tì wọ́n sẹ́yìn. Bí ìgbìyànjú àkọ́kọ́ bá mú yáàdì 4 wá, tí èkejì mú 4 wá, 2 péré ni ó kù fún ẹ̀kẹta, ọmọ alágbára kan lè fi èjìká tì í wọlé. Ṣùgbọ́n bí méjì ìṣáájú bá ṣòfò, akọni ni ẹ̀kẹta ń fẹ́, akọni kì í sì í wà nílé lójoojúmọ́. Àní láàárín àwọn tí ń gbá a jẹun ní Amẹ́ríkà, nínú ìgbìyànjú kẹta 10, bíi 4 ni ó máa ń bọ́ sí i. Bí yáàdì tí ó kù bá sì ti ń kéré sí i ni ìrètí ń pọ̀ sí i.

Kí ẹ má ṣe rò pé eré yìí jìnnà sí wa pátápátá. Brendon Ayanbadejo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà nínú ẹgbẹ́ Baltimore Ravens tí ó gba Super Bowl ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ìbéèrè akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé wálé, kí a fi bi ẹgbẹ́ Super Eagles wa.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ní ìlú Rabat, Nàìjíríà pàdé Congo Kinshasa. Frank Onyeka tètè gbá góòlù wọlé fún wa. Congo dá a padà, a sì ta ọ̀mì 1-1 títí tí àfikún àkókò fi parí. Ọ̀rọ̀ di pẹnáritì, wọ́n nà wá ní 4-3. Bí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026 ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ti 2022 ti ṣe bọ́ nígbà tí a ta ọ̀mì pẹ̀lú Ghana ní Kumasi àti ní Àbújá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ àwọn tí wọ́n gbá pẹnáritì sọnù ni ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n yáàdì mélòó ni ó kù? Ẹ jẹ́ kí a kà á. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, a ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Lesotho ní Uyo, nínú ilé wa, a sì tún ta 1-1 pẹ̀lú Zimbabwe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, a ta 1-1 pẹ̀lú South Africa, Benin tí ó jẹ́ aládùúgbò wa sì nà wá ní 2-1. Nínú àmì 12 tí ó wà nílẹ̀, 3 ni a rí kó. Láàárín ìgbà náà, José Peseiro lọ, Finidi George dé, òun náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kéde Bruno Labbadia, kò wá. Augustine Eguavoen di í mú, kí Eric Chelle, ọmọ Mali, tó gbà á ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Nínú ìdíje 6 tí Chelle darí lẹ́yìn náà, a kò pàdánù ìkankan. Àmì 17 ni a ní níkẹyìn, South Africa ní 18, bẹ́ẹ̀ ni FIFA ti yọ àmì 3 kúrò nínú tiwọn. Bí a bá na Lesotho nìkan ní Uyo ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 19 ni à bá ní. A kì bá tí dé Rabat rárá. Ṣé ẹni tí ó gbá pẹnáritì ní Rabat ni ó jẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Uyo ní ọdún méjì ṣáájú?

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ni. Chelle fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìdíje náà pé àwọn ará Congo ń lo oògùn. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò ní fi ohun tí àwọn baba wa gbà gbọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ni wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ọrọọrún ni wọ́n wí, wọn kò wí pé ní ọjọ́ tí ilé bá ń jó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ègún ni ó wà lára pẹnáritì wa, báwo ni a ṣe fi pẹnáritì na Egypt ní oṣù Kìíní ọdún 2026, tí a fi gba ipò kẹta ní Áfíríkà, lẹ́yìn tí Morocco ti fi pẹnáritì kan náà lé wa kúrò ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá?

Mo gbà pé ẹni tí ó bá dé ojú ogun gbọ́dọ̀ mọ ogun jà. Pẹnáritì náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kò sì sí ìmúrasílẹ̀ tí ó lè sọ ọ́ di dájúdájú. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a má ṣe máa fi gbogbo ẹrù ọ̀nà lé orí ẹni tí ó ru ú wọ ìlú.

Àpẹẹrẹ rere kò jìnnà sí wa. Ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín, ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà ní sáà 2022/23, Enyimba ni ó gbà á. Ní 2023/24 wọ́n tún ṣe ipò kejì, Rangers ni ó gbà á. Ẹlòmíràn ì bá ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ, kí ó tú ẹgbẹ́ ká. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Daniel Ogunmodede kan náà ni ó wà níbẹ̀ ní sáà kẹta, nígbà tí wọ́n sì gba ife náà ní ọdún 2025, ìdíje ṣì kù nílẹ̀. Ọdún 2000, tí Julius Berger gbà á, ni ẹgbẹ́ kan láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti gbà á kẹ́yìn. Yáàdì díẹ̀ ni ó kù fún wọn ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì kò ṣòfò. Òótọ́ ni pé ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Mamelodi Sundowns wá láti South Africa, wọ́n sì fi 5-1 lù wọ́n nínú ilé. Èyí náà bá òfin eré Amẹ́ríkà mu: bí o bá pé yáàdì 10, kì í ṣe pé o ti parí, ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ni o tún bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan. Ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa ṣe pépà ní Ìwópin, ní Ogun Waterside kan náà, láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ti dáwọ́ lé e. Ta ni nínú wa tí ó kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí pépà Ìwópin? Àwa náà ńkọ́? A óò fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe fàájì, a óò fi oṣù kejì sí ìdánwò ṣe ìpàdé, nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, a óò máa fi ojú wá akọni nínú ara wa. Bí èsì bá dé, a ní olùkọ́ kò fẹ́ràn wa.

Lẹ́yìn tí bùrọ̀dá mi padà, mo lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ Abígí náà, mo tọrọ àforíjì. Mo sọ fún un pé èmi ni ó kọ́kọ́ gbá tèmi sọnù, tí mo sì dákẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, “Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìjì bá òun lójú omi, òwúrọ̀ ni ó ń ti ọkọ̀. Ẹ̀yin kò ti ọkọ̀, ẹ ní èmi ni mo rì í.” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sí pápá. Ó ní òun yóò rò ó.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa: ní ọdún yìí, kí a yan agbábọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ tí a bá wọlé, kí a máa gbá pẹnáritì wò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì di òfin láàárín wa pé ẹni tí ó bá gbá a sọnù, gbogbo wa ni yóò sìn ín dé yàrá rẹ̀. Bí ó bá sì tún bàjẹ́, kí a jókòó, kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí a tó wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi: yáàdì mélòó ni ó kù?