Ojú Dúdú, Aṣọ Funfun: Ìmọ́lẹ̀ Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Fọ́tò

Ilé pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí tí irú fọ́tò ìgbéyàwó kan wà lára ògiri wọn: léèsì ìyàwó ń tàn yanran, èèyàn lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, gèlè ìyá rẹ̀ hàn ketekete, ṣùgbọ́n ojú ìyàwó fúnra rẹ̀ ti di òkùnkùn. Eyín nìkan ló kù. Bí àlejò bá béèrè, àwọn ará ilé á ní, "Ó dúdú jù ni kò jẹ́ kó hàn dáadáa." Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ara ìyàwó kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìṣirò kámẹ́rà ni kò tọ̀nà, ẹni tó sì mú un dání kò bá a jiyàn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ì báà jẹ́ ní pólì, ní yunifásítì tàbí lọ́dọ̀ ọ̀gá kan nígboro, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọmọ náà á máa ṣe ohun tó jọ wèrè nínú ilé. Á pa iná pálọ̀, á gbé tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àgbọ̀n àbúrò rẹ̀, á ya ife kan ṣoṣo ní ogójì ìgbà. Ẹ má lé e jáde. Bí kò bá ṣi iṣẹ́ ṣe lórí ife àti àbúrò nílé, orí ìyàwó ẹlòmíì ni yóò ti ṣì í ṣe, ọjọ́ ìgbéyàwó kì í sì í padà wá kí wọ́n lè tún un yà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ni pé kámẹ́rà kò mọ ohun tó wà níwájú òun. Àwọn fóònù tuntun ń gbìyànjú láti dá ojú èèyàn mọ̀, àmọ́ ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn kò yí padà: ẹ̀rọ náà ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, ó sì gbà pé ohunkóhun tí òun ń wò kò funfun, kò dúdú, pé àárín méjèèjì ló wà, bí àwọ̀ eérú. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò máa ń fi wé ohun tó ń dá nǹkan bí 18 padà nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e. Gbogbo ohun tó bá rí ló fẹ́ fà wá sí àárín yẹn.

Ẹ jẹ́ kó dán an wò. Kó tẹ́ aṣọ funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó sún mọ́ ọn títí tí aṣọ náà á fi gba gbogbo ojú kámẹ́rà, kó yà á láìfọwọ́ kan ètò kankan. Lẹ́yìn náà, kó ká funfun kúrò, kó tẹ́ dúdú síbẹ̀, kó tún yà á. Kó wá gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Aṣọ funfun ti ṣú, ó ti fẹ́ di eérú. Aṣọ dúdú náà ti ṣì, òun náà ti fẹ́ di eérú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé láéláé, ó sì dáa ju kí olùkọ́ kọ ojú ìwé mẹ́wàá sójú pátákó lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó wa nìyẹn. Léèsì funfun ló wọ̀, abẹ́ kánópì funfun ló dúró sí, aṣọ funfun ni wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀. Kámẹ́rà rí gbogbo funfun wọ̀nyí, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bá dín in kù. Léèsì gba ìdínkù náà, ó ṣì lẹ́wà. Ojú tó ti dúdú tẹ́lẹ̀ ni kò ní ohun tí yóò fi san án. Bó bá jẹ́ ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn ni, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún ohun gbogbo, ojú ọkùnrin náà á wá rí bí ẹni tó ń ṣàìsàn, bíi pé wọ́n ku eérú sí i lára.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Àmì + àti − wà lórí kámẹ́rà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sún un sí +1, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á di ìlọ́po méjì. Bó bá sún un sí −1, á di ìdajì. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, èèyàn á fi ìka tẹ ojú ẹni tó fẹ́ yà, àmì oòrùn kékeré á yọ, á sì fà á sókè tàbí sísàlẹ̀. Kó jókòó ti ẹnì kan tó wọ léèsì tàbí bùbá funfun, kó ya ẹni náà nígbà márùn-ún, láti −2 dé +2, láìjẹ́ kí ẹni náà kúrò lójú kan. Nígbà tó bá ń wò wọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo aṣọ. Èwo nínú wọn ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni náà gan-an? Kó wá wo léèsì. Níbi tí ihò léèsì bá ti parẹ́, tí aṣọ di funfun báláú bíi bébà, ibẹ̀ ni ààlà. Ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣì ṣeé fà yọ lórí kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á hun kúrukùru. Ihò léèsì tó ti parẹ́ kò sí níbì kankan mọ́ nínú fọ́tò náà, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà. Láàárín ibi tí ojú ti hàn àti ibi tí léèsì ti parẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Nígbà míì, ibẹ̀ kì í fẹ̀ rárá.

Àwọn tó ṣe fíìmù àti ẹ̀rọ kò ro ojú dúdú mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti bí ọdún 1950 sókè, iléeṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fọ́tò. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é, lórúkọ òṣìṣẹ́ Kodak kan. Bí àwọ̀ ara Shirley bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ parí nìyẹn. Olùwádìí ará Kánádà kan, Lorna Roth, tọpinpin ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé lára ohun tó mú iléeṣẹ́ náà tún fíìmù ṣe kó lè gbé àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú àti dúdú jáde ni ẹjọ́ tí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi ń rò pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa nínú ìpolówó. Àga àti ṣokoléètì ló kọ́kọ́ rí ẹni gbọ́ tiwọn. Ọdún 2021 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù Pixel 6 jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní Real Tone, pé kó lè ya àwọ̀ dúdú bó ṣe rí.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí, àwọn oníṣẹ́ fọ́tò kò dúró dè wọ́n. Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bamako, lórílẹ̀-èdè Mali, lọ́dún 1948. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló ń lò jù, nínú àgbàlá, ó sì máa ń ta aṣọ sẹ́yìn ẹni tó ń yà. Nítorí pé fíìmù wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń ya oníbàárà, torí náà ó ti gbọ́dọ̀ to èèyàn àti ìmọ́lẹ̀ tán kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀: dúdú ni àwọn èèyàn náà, ojú wọn sì mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ olódòdó wọn kò parẹ́. Nílùú kan náà, Malick Sidibé gbé fláàṣì lọ síbi ijó àwọn ọ̀dọ́ lóru. Òun ló ya fọ́tò ijó alẹ́ Kérésì ọdún 1963 tí gbogbo ayé mọ̀, ọdún 2007 ni wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà ní Venice. Ní Nàìjíríà, J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin lọ́dún 1968, ó sì ya tó ẹgbẹ̀rún kan. Dúdú lórí dúdú ni irun lórí awọ orí, síbẹ̀ èèyàn lè tọ ipa òwú kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé ohun dúdú kò ṣeé yà kó lọ wo irun Ojeikere.

Ìbéèrè tó kàn ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Kó gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó ní kí bàbá tàbí ìyá ilé jókòó, kó yà wọ́n nígbà tí wọ́n kọjú sí fèrèsé, nígbà tí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti nígbà tí wọ́n kẹ̀yìn sí i. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló sábà máa ń yẹ awọ dúdú jù. Ara dúdú ń dán ní; ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti rá lára rẹ̀ ni imú, àgbọ̀n àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń yọ. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá ṣókùnkùn jù, kó gbé páálí funfun sí ọ̀hún kó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun náà ń ṣe é. Ava Berkofsky, tó ń darí kámẹ́rà fún eré Insecure tí ọmọ Nàìjíríà nì, Yvonne Orji, wà nínú rẹ̀, sọ fáwọn oníròyìn ní 2017 pé dípò kí òun máa da iná bo àwọn òṣèré, òun máa ń jẹ́ kí awọ wọn dá ìmọ́lẹ̀ padà, tó fi mọ́ ìpara tó ń dán. Ìyá àgbà tó bá sọ pé òun fẹ́ fi òrí para kí wọ́n tó ya òun mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀sán gangan ni àkókò tó burú jù. Oòrùn á dúró sí àtàrí, ihò ojú á ṣókùnkùn, gbogbo èèyàn á máa jọ ẹni tí kò sùn. Kó mú wọn wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní etí ibi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọjú síta. Ìgbà ọyẹ́ yàtọ̀ pátápátá: eruku tó gba ojú ọ̀run láti Kánò dé Jos títí dé ìsàlẹ̀ ń ṣe bí aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, kò ní gún ojú. Kí ó kàn rántí nu lẹ́ńsì.

Ó tún yẹ kó fi gílóòbù tí kò ní ìbòrí dán ọ̀nà jíjìn wò. Bí gílóòbù bá wà ní mítà 1 sí ojú, tí wọ́n sún un sẹ́yìn dé mítà 2, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló kù. Ìdí nìyí tí fláàṣì fi ń mú kí àwọn tó wà níwájú nínú fọ́tò ẹbí funfun, tí àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń wọ òkùnkùn.

Ojú lẹ́ńsì, iye àkókò tó fi ṣí, àti ISO, àwọn mẹ́ta yìí ló ń pín ìmọ́lẹ̀ láàárín ara wọn, olùkọ́ á ti ṣàlàyé wọn. Kó kàn máa yí ẹyọ kan padà lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ ohun tó ṣe sínú ìwé, kó má pa èyí tó bàjẹ́ rẹ́.

Bí iná bá lọ lálẹ́, ẹ má bínú, iṣẹ́ tó dùn jù dé nìyẹn. Kó gbé kámẹ́rà lórí tábìlì kó má mì, kó fi ISO sí 100, ojú lẹ́ńsì sí f/8, kó jẹ́ kó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Kí ẹni tí wọ́n ń yà jókòó jẹ́ẹ́. Kí ẹnì kan tó wọ aṣọ dúdú máa fi tọ́ọ̀ṣì kun ún láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń kun ògiri lọ́dà, láìdúró lójú kan, kó má sì tan iná náà sójú kámẹ́rà. Ibi tí tọ́ọ̀ṣì bá pẹ́ sí á funfun jù. Ibi tí kò bá dé á wà ní dúdú. Àwọn ọmọdé ilé á fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé òun ló ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa bà lé.

Iṣẹ́ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ kan wà tó dúdú ju àwọn yòókù lọ, òun ló sì máa ń sọnù nínú fọ́tò ẹbí, títí táwọn èèyàn á fi máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé eyín rẹ̀ nìkan ló wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú òun àti èyí tó pupa jù jókòó pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹni dúdú sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, kí ẹni pupa jìnnà sí i díẹ̀, kó sì fi ìka tẹ ojú ẹni dúdú kó tó yà wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ àga, kó tún wọn yà, kó sì fi fọ́tò méjèèjì hàn wọ́n.