Àdúrà Ṣáájú Pàṣán

Abíyamọ tí ó ti jí ní ìdájí, tí ó pọnmi, tí ó gbálẹ̀, tí ó sì kiri ọjà títí oòrùn fi rọ̀, bí ó bá wọlé tí ó bá ìkòkò ọbẹ̀ tí ọmọ ti dojú rẹ̀ dé, ta ni yóò ní kí ó má bínú? Ṣùgbọ́n ṣé ọbẹ̀ náà ni ó ń bínú sí, àbí oníbàárà tí kò san gbèsè, tàbí baálé tí kò fi owó oúnjẹ sílẹ̀? Ẹni tí apá wa ká ni a sábà máa ń gbá létí.

Ẹnu tilẹ̀ burú ju pàṣán lọ. Ẹnu tí ó ki ọmọ ní Àjàní ní kùtùkùtù títí orí rẹ̀ fi wú, òun náà ni yóò pè é ní olórí burúkú lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Jákọ́bù nínú Bíbélì sì ti bá wa wí lórí ahọ́n tí ń súre tí ó tún ń ṣépè. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ẹ wo ìyá kan tí ó kó ara rẹ̀ níjàánu: Susanna Wesley, aya àlùfáà ní Epworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ 19, ikú sì mú 9 nínú wọn ní ìkókó. Òun ni ìyá John àti Charles, àwọn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí ó dé Àgbádárìgì ní 1842, ti ọwọ́ wọn ṣẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tí í kẹ́ ọmọ bà jẹ́, pàṣán rẹ̀ tilẹ̀ le ju bí èmi ìbá ti fẹ́ lọ. Síbẹ̀ ó fi òfin de ọwọ́ ara rẹ̀: ọmọ tí ó bá jẹ́wọ́ kò ní jẹgba, a kò gbọdọ̀ na ọmọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan, a kò sì gbọdọ̀ tún fi ẹ̀ṣẹ̀ náà bú u. Ó pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti John, Àbámẹ́ta ni ti Charles. Wọ́n sì máa ń sọ pé bí ilé bá gbóná, yóò fi aṣọ ìdáná rẹ̀ bo orí, yóò sì gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni í na ọmọ tán kí a tó gbé e lọ sí ìṣọ́ òru pé kí Ọlọ́run tún un ṣe. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yí i padà. Bí inú bá ru, ẹ sọ pàṣán sílẹ̀, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ fi ìborùn bo orí, kí ẹ sì gba Àdúrà Olúwa parí wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ẹ tó pe ọmọ. Bí ẹ bá ti ṣì í nà, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì í. Ọwọ́ òsì tí a fi ń fa ọmọ mọ́ra nìyẹn. Èyí tí ìbínú rẹ̀ bá sì ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó gbé ọmọ fún àgbà ilé kan fún ìgbà díẹ̀, kí ó lọ bá ìyá ìjọ tí kò ní ẹjọ́ wẹ́wẹ́, kí ó sì rò ó fún un láìtijú.