Sí Ẹ̀yin Dókítà Tó Ń To Eegun Ní Onitsha

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ojú mi ló ń ṣe: kèké gbá ènìyàn ní Upper Iweka, wọ́n gbé e dé pẹ̀lú itan tó ti kán sí méjì, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ẹ sì fi irin to eegun náà títí ó fi jókòó dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Òṣogbo, mo sì ti pẹ́ létí tábìlì iṣẹ́ abẹ níbí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ ìbọ̀wọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

A ń fún aláìsàn ní oògùn kòkòrò àti ti ìrora, a ní kó máa lọ sílé, kó padà wá tú okùn ojú egbò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀jẹ̀ dídì. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ lójú kan pẹ̀lú itan kíkán, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ègé rẹ̀ já, kó gba inú ọkàn kọjá, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Mo rántí obìnrin kan, ní ilé ìwòsàn tí n kò ní dárúkọ, tó ti ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́jọ́ kọkànlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ní àyà ń fún òun. Kò pẹ́ rárá tó fi dákẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ayé ló ṣe é. A ò sọ nǹkan kan fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi mọ́ pé àìsàn òyìnbó ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń ní in ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Àwa náà máa ń sọ pé Clexane, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí ló dé tí ẹni tí kò rówó abẹ́rẹ́ kò fi ní rí nǹkan kan gbà? Lọ́dún 2000 ni ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 13,356 tí eegun ìbàdí wọn kán, ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Gúúsù Áfíríkà sì wà nínú wọn. Ásípírìn fún ọjọ́ 35 dín ẹ̀jẹ̀ dídì kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lọ́dún 2023, ìwádìí mìíràn láti Amẹ́ríkà àti Kánádà, lórí aláìsàn tó lé ní 12,000 tí eegun wọn kán, fi hàn pé ásípírìn ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ kò fi ẹ̀mí ṣòfò ju Clexane lọ. Ẹ̀jẹ̀ dídì inú ẹsẹ̀ nìkan ló fi díẹ̀ pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó lo ásípírìn.

N kò sọ pé ásípírìn tó fún gbogbo ènìyàn. Ní Ọsirélíà lọ́dún 2022, lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí tàbí orúnkún fún, 3.45% nínú àwọn tó lo ásípírìn ni ẹ̀jẹ̀ dì fún. Ti Clexane jẹ́ 1.82%. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì fún rí, tàbí tó ní jẹjẹrẹ, abẹ́rẹ́ ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ásípírìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà níkùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ bi aláìsàn léèrè kí ẹ tó kọ ọ́, dípò kí ẹ má kọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ibuprofen ló ń dùn mí jù. Ásípírìn máa ń pa agbára àwọn èròjà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ra, títí wọn yóò fi kú, bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ibuprofen bá ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó ti gba ìjókòó rẹ̀, ásípírìn kò ní rí ibi dì mú. Aláìsàn wa ń rà á ní kẹ́míìsì láìbi ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un.

Ẹ má sì tún rán ìyàwó aláìsàn lọ Bridge Head pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ọjà oògùn yẹn kan náà ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn, tì pa ní oṣù kejì ọdún 2025 nítorí ayédèrú. Ásípírìn kékeré kò yẹ kó wọ́n ní ilé oògùn tiwa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìlà kan lọ lórí bébà tí aláìsàn ń gbé lọ sílé: oògùn ẹ̀jẹ̀ dídì wo, fún ọjọ́ mélòó, bí kò bá sì sí, kí ló fà á. Mo ti fi báírò fa ìlà náà sórí gbogbo bébà tó wà ní wọ́ọ̀dù wa. Ó kù kí ẹ kọ nǹkan sórí rẹ̀.