Nọ́ńbà Tó Yẹ Kí Ẹ Rí Lára Ọkọ̀ Ojú Omi Kí Ẹ Tó Wọ̀ Ọ́

Ìlú Odògbolú kò sí létí ọ̀sà, síbẹ̀ omi kì í ṣe àjèjì sí àwọn ọmọ rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọjà Èjìnrìn létí ọ̀sà wà lára àwọn ọjà ńlá tí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ń ná, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń gbé ẹrù láti ibẹ̀ lọ sí Èkó. Lóde òní, ìgbafẹ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ lára wa lọ sí etí omi. Bí Ojúde Ọba bá ti parí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn ọmọ ilé tó ti òkè òkun wá kò tíì padà, tàbí bí ọdún Kérésìmesì bá dé, ẹbí àti ẹgbẹ́ a máa gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìwọpin lọ láti háyà ọkọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì.

Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ ní èbúté: èèyàn mélòó ni ọkọ̀ yìí lè gbé? Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ béèrè, ẹnu atukọ̀ ni ìdáhùn ti ń wá, ìdáhùn náà a sì máa yí padà bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà tí a fi ẹnu sọ àti èyí tí a kọ sára ọkọ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ orí omi yìí wà. Òfin ọdún 1997 tó dá NIWA sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé ní orílẹ̀-èdè yìí, ka àwọn ọ̀nà omi tó wà lábẹ́ àjọ náà lẹ́sẹẹsẹ. Lára wọn ni ọ̀nà tó ti Badagry wá, tó gba ọ̀sà Èkó dé Ẹ̀pẹ́, tó sì gba ọ̀sà Lekki dé Ìwọpin ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ní ìpínlẹ̀ tiwa. Nígbà tí awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ láàárín NIWA àti àjọ ọ̀nà omi ti Ìpínlẹ̀ Èkó, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 pé NIWA ni òfin fún ní àṣẹ. Nítorí náà, iṣẹ́ tiwa ni láti jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí òfin ní kí ẹ rí gbà.

Ìlànà ìrìnnà ojú omi abẹ́lé ti ọdún 2023 ní kí a forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí olúkúlùkù èrò wọ ẹ̀wù amúniléfòó, ìyẹn láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí a kọ orúkọ àwọn èrò sílẹ̀, kí ọkọ̀ má ṣe rìn ní òru, kí a má sì ṣe kó èrò ju agbára ọkọ̀ lọ. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ṣòro láti fi ojú rí. Ẹni tí kò wọ ẹ̀wù hàn gbangba, òru kò sì ṣeé pè ní ọ̀sán. Àmọ́ ta ni yóò mọ̀ pé èrò ti ju agbára ọkọ̀ lọ, bí a kò bá kọ agbára náà síbì kankan? Ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà wà.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1971 ló yanjú rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1972, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń lo ẹ́ńjìnì, tí gígùn rẹ̀ kò tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, gbọ́dọ̀ ní pátákó kékeré kan lára níbi tí ojú atukọ̀ yóò ti tó o. Iye èèyàn, ìwọ̀n àpapọ̀ ẹrù àti agbára ẹ́ńjìnì tí ọkọ̀ lè gbà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n tún ń kọ irú omi tí a kan ọkọ̀ náà fún, nítorí ọkọ̀ tó lè gbé èèyàn 8 lórí omi tó pa rọ́rọ́ lè má lè gbé ju 5 lọ níbi tí ìgbì bá ti ga.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpò sìmẹ́ńtì ṣe ìṣirò. Àpò kan jẹ́ kílógíráàmù 50. Àwọn tó ń wọn ọkọ̀ sì sábà máa ń ka àgbàlagbà kan sí kílógíráàmù 75, ìyẹn àpò kan àtààbọ̀. Èèyàn 10 jẹ́ àpò 15. Bí atukọ̀ bá ní kí èèyàn 4 sí i sún mọ́ra, àpò 6 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, a kò sì tíì ka epo, kúlà tó kún fún yìnyín àti ẹ̀rọ orin. Etí ọkọ̀ á wá sún mọ́ ojú omi, ìgbì kékeré tí kò yẹ kó ṣe nǹkan kan á sì máa dà wọlé. Omi tó ti wọlé kì í dúró sójú kan. Ibi tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ni ó ń ṣàn lọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ya fọ́tò, ó ti tó.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn èrò tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti ní Ìpínlẹ̀ Niger lọ sí agbègbè Pategi ní Ìpínlẹ̀ Kwara wọ ọkọ̀ kan ní òru. Ó lé ní 100 ènìyàn tó ṣègbé nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Aṣọ ẹbí ṣì wà lọ́rùn àwọn mìíràn, a lè gbà bẹ́ẹ̀, nítorí òde ayẹyẹ ni wọ́n ti ń bọ̀.

Àwọn ọlọ́kọ̀ kan lè sọ pé àwọn fúnra àwọn yóò kọ nọ́ńbà náà. Ìtàn kò ti èyí lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Samuel Plimsoll jà fitafita nílé aṣòfin títí òfin ọdún 1876 fi ní kí a fa ìlà sára ọkọ̀ òkun láti fi ibi tí omi kò gbọ́dọ̀ kọjá hàn. Ṣùgbọ́n òfin náà fi ibi tí ìlà yóò wà sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ láti pinnu, ẹni tó bá sì wù le fà á sókè bó ṣe fẹ́. Ó di ọdún 1890 kí òfin tó gba ìpinnu náà lọ́wọ́ wọn. Lójú tiwa, olùyẹ̀wò ló yẹ kó wọn ọkọ̀ kó sì kọ nọ́ńbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé owó epo ti gbówó lórí, àti pé èèyàn méjì tí a yọ kúrò nínú ọkọ̀ jẹ́ àdínkù gidi sí oúnjẹ òòjọ́ atukọ̀. A kò fi ojú kékeré wo ìyẹn.

Bí ẹ bá dé èbúté tí ẹ kò rí nọ́ńbà kankan, ìṣirò kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún ọkọ̀ kékeré tí kò ní pátákó. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà wọn gígùn àti ìbú ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po, kí ẹ sì fi 15 pín in. Ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ 18, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 5, yóò fún yín ní 90. Èèyàn 6 ni ó lè gbé, pẹ̀lú atukọ̀, nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. Ìṣirò yìí kò bá ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti inú igi kan ṣoṣo mu, nítorí irú èyí a máa yí gbirigbiri ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ parí ọ̀rọ̀ iye èèyàn kí ẹ tó sanwó, nítorí ẹni tó ti sanwó kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ 24, tí ọkọ̀ sì gba 12, ẹ háyà ọkọ̀ méjì, tàbí kí ọkọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìrìn kejì sì ti padà sí èbúté kí ilẹ̀ tó ṣú.