Ọ̀nà Omi Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ ṣanwọ́. Itọ́ ni mo rò pé àwa tí a wà ní Ọ̀jọ́ yìí fi ń ṣanwọ́. A ó jókòó sínú dánfó láti Òkokomáíkò dé Ìyànà Ìbà, oòrùn yóò máa pa wá, kọ̀ńdọ́ yóò máa bú wa nítorí ṣéńjì, ọkọ̀ kò sì ní kúrò lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà tí ó ń gbé ènìyàn láti Èkó dé Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó da ọ̀dà sí títì kankan níhìn-ín, wà lẹ́yìn ilé wa, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ta ni nínú wa ti wọ̀ ọ́ rí?

Èmi náà kò wọ̀ ọ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá. Ohun tí ó gbé mi débẹ̀ ni ìwé kan tí mo kà nípa àwọn òyìnbó tí ń ta ilé wọn ra ọkọ̀ onígbòkun, tí wọ́n sì ń tọ etíkun Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà kiri. Ní Guatemala, wọn a gba ẹnu odò Río Dulce wọlé ní Livingston, ìlú àwọn Garifuna tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn. Wọn a gba àárín àpáta gíga lọ sí adágún Izabal, wọn a fi ọkọ̀ pamọ́ sínú odò náà nígbà ìjì líle, wọn a wá wọ bọ́ọ̀sì lọ wo ahoro ìlú àwọn Maya ní Tikal. Ní erékùṣù San Blas ní Panamá, àwọn Guna tí wọ́n ni ilẹ̀ ni wọ́n ń pàṣẹ ibi tí àlejò lè gúnlẹ̀ sí, àwọn fúnra wọn sì ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ tí a fi igi gbẹ́. Nígbà tí mo ka èyí tán, ẹ̀rín pa mí. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń sọdá òkun lọ wò, ṣé kì í ṣe òun náà ni ó wà ní èbúté Ọ̀jọ́ tí a ń fi owó dánfó sá fún?

Mo bá bàbá atukọ̀ kan, ará Ẹ̀gùn, ní èbúté. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín dé Àgbádárìgì."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ yunifásítì, mọ́tò ti tán ní títì ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ọ̀nà omi ni mo fẹ́ mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà wá ní ìdájí. Àtẹ̀gùn ni ó fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àtẹ̀gùn ilẹ̀ wa láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni ó sábà máa ń wá, a sì máa le ní ọ̀sán. Ẹni tí ó ń lọ sí Àgbádárìgì ń dojú kọ ọ́, nítorí náà kí ó tètè lọ nígbà tí ojú omi bá ṣì tòrò. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ ni àtẹ̀gùn ń tì lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ṣe é. Ẹ́ńjìnnì ni a fi lọ. Nígbà tí a ń bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàbá pa ẹ́ńjìnnì nítorí owó epo, ó na òpó kan sókè, ó ta ìgbòkun tí a fi àpò ìrẹsì rán pọ̀ sí i. Ọkọ̀ náà gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin ará, mi ò tíì gbádùn ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan dójú tì mí lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo fẹ́ gboyè nínú èdè Yorùbá, n kò mọ orúkọ ohun mẹ́ta nínú ọkọ̀ yẹn. Bàbá ní kí n na àjẹ̀ sí òun, ọ̀pá ni mo gbé fún un. Ìgbòkun àti ìdákọ̀ró tí mo mọ̀, inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni mo ti mọ̀ wọ́n, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́! Bàbá yìí a máa bu omi tọ́ wò kí ó tó sọ ibi tí a dé. Lẹ́bàá Ọ̀jọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ní iyọ̀ nítorí òkun tí ń gba ẹnu èbúté Èkó wọlé. Bí a ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni iyọ̀ ń dín kù. Ìwé wo nínú yàrá ìkàwé wa ni a kọ èyí sí ní Yorùbá?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn apẹja nìkan ni. Bí ìtàn ti wí, Ògúnfúnminíre kúrò ní Ifẹ̀, ó ń tẹ̀lé àwo tí ó léfòó lójú odò Ògùn, títí àwo fi rì. Láti inú àwo tí ó rì yìí ni orúkọ Àwórì ti jáde, àwọn tí wọ́n ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà tí a fi ṣe ilé lónìí. Ìrìn-àjò omi ni orúkọ onílé wa. Ní 1825, Hugh Clapperton àti Richard Lander gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n sì gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Ní 1830, Richard àti John àbúrò rẹ̀ tún gba Àgbádárìgì wọlé, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, wọ́n dé Bussa, wọ́n wá wọ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú odò Ọya títí wọ́n fi dé òkun. Ìwé ìtàn ní àwọn ni wọ́n rí ibi tí Ọya parí sí. Àwọn tí ń wa ọkọ̀ fún wọn ńkọ́? Ṣé ojú wọn fọ́ ni? Ẹni tí ó kọ ìwé ni ayé ń pè ní olùwárí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí inú mi fi ń dùn sí Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó bá ọkọ̀ lọ sí Ọya ní 1841 àti ní 1854, tí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó rí. Àgbádárìgì yìí kan náà ni ó dúró sí láti 1845 kí ọ̀nà tó là fún un dé Abẹ́òkúta ní 1846.

Báwo ni a ṣe wá kẹ̀yìn sí omi? Títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ni ó kọ́kọ́ fà wá. Ní 1984, ewé omi àjèjì kan gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ wọ ọ̀sà Àgbádárìgì, ó ń tan òdòdó aláwọ̀ àlùkò, ó sì ń di ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ bí òjò bá ti fọ iyọ̀ kúrò nínú omi. Kì í ṣe pé ìjọba kò ronú kan omi rí. Ìjọba Lateef Jákàńdè, tí ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983, ra ọkọ̀ ńlá Baba Kékeré àti Ìtafaji láti máa gbé èrò láti Máìlì Tú sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkọ̀ ojú irin tí a ṣètò pé yóò dé Òkokomáíkò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, Máìlì Tú ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀ mọ. Omi kò ní kí a tẹ́ irin kí òun tó ṣàn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Ìyá mi ti sọ ọ́ ṣáájú yín: "Ṣé o fẹ́ kí omi gbé ọ lọ ni?" Ọ̀rọ̀ ìyá kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ọkọ̀ ń dojú dé, ènìyàn sì ń kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wádìí, ẹ ó rí i pé àkójù èrò, ìrìn òru, gẹdú tí ó rì sábẹ́ omi, àti àìwọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni ó ń pa wọ́n jù. LASWA, àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2008, kò fẹ́ ìrìn òru, ó sì pa jákẹ́ẹ̀tì láṣẹ. Èmi wọ tèmi lọ. Bàbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé Ìréwé, mi ò bọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ omi ni omi ń yà lẹ́nu, àìmọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ kí a wò sàn.

Nítorí náà mo ń dá a lábàá fún ẹgbẹ́ wa pé kí ìrìn-àjò ọdún tí ń bọ̀ gba ojú omi. Lọ́dọọdún ni à ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo àti Olúmọ, a ó ya fọ́tò, a ó jẹ ìrẹsì, a ó sùn padà wálé. Ẹ jẹ́ kí a gbéra láti èbúté Ọ̀jọ́ ní ìdájí Sátidé. Kí a sùn ní Àgbádárìgì, kí a wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn CMS ti 1845, àti ibi tí igi Agia wà kí ó tó wó ní 1959, níbi tí a ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere ní 1842. Lọ́jọ́ kejì kí a kọjá sí Àjàṣẹ́, kí a gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ ìyá wa tí Faransé ni èdè ilé-ìwé wọn. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gbà wá láyè láti wọlé láìgba físà. Kí olúkúlùkù sáà mú ìwé ìrìnnà dání. Kí a yan ẹni méjì tí yóò máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀ ní Yorùbá: orúkọ abúlé, orúkọ ẹja, orúkọ igi, orúkọ àtẹ̀gùn, àti orúkọ ẹni tí ó wà wá. Kí a tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn yìí.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé ọ̀nà tálákà ni omi, pé kò yẹ àwọn olùkọ́ wa. N kò ní bá wọn jà. Mo kàn ń rò ó pé àwọn tí ń ta ilé ra ọkọ̀ onígbòkun, tálákà ha ni wọ́n bí?

Mo ti bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ó ní ènìyàn mẹ́wàá ni òun yóò kó sínú ọkọ̀ kan, kò ní lé ẹyọ kan, ọ̀rẹ́ òun yóò sì gbé ọkọ̀ kejì wá. Ó ní kí ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́fà àárọ̀ máa wọ dánfó rẹ̀ lọ.